Ẹ bá wa ka ìlà kan yìí: èdè tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe àmì ọ̀pá àṣẹ

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òkè-Fìà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé wa níhìn-ín ní Òṣogbo fẹ́ ní àmì tuntun, èyí tí a máa rán sára fìlà àti aṣọ, tí a máa tẹ̀ sórí ìwé, tí a sì máa kùn sára ògiri gbọ̀ngàn tí à ń kọ́ lọ́wọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó wà ní Ìlú Ọba fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ iṣẹ́ àmì ọ̀pá àṣẹ (coat of arms, àmì tí wọ́n ń yà sára asà) dáadáa. Àwòrán la ń retí. Ohun tó dé ni ìlà kan ṣoṣo:

*Vert, a dexter hand apaumy couped at the wrist Argent, in chief a fish naiant Or, and in base two bars wavy of the second.*

Ó ní iṣẹ́ òun ti parí. Alága wa ní gbájú-ẹ̀ ni. A gbé e fún ọmọ kan tó ń ya nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó ya ọwọ́, ó ya ẹja, ó ya omi. A fi ránṣẹ́, èsì tó padà wá ni pé ọwọ́ òsì ló yà, pé ẹja kọ ẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí, àti pé omi tó fi wúrà kùn kì í ṣe wúrà. Níbo ló ti rí gbogbo ìyẹn nínú ìlà kan? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan ni mo fẹ́ o. Ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fi nǹkan kún un, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ kí n tó jókòó pẹ̀lú wọn.

Bàbá Tíṣà

Akọ̀wé, ẹ sọ fún alága kó fọwọ́ wọ́nú. Iṣẹ́ ọ̀hún ti parí lóòótọ́. Blazon ni wọ́n ń pe irú ìlà bẹ́ẹ̀, òun gan-an sì ni àmì náà. Àwòrán kàn jẹ́ bí ọwọ́ ẹnì kan ṣe gbé e jáde ni. Bí ogún ayàwòrán bá ya ìlà yìí, ẹja kan lè sanra, òmíràn lè tẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, àmì kan náà ni gbogbo wọn yà. Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo rí kò ní bá mi jiyàn: babaláwo méjì lè tẹ Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú, kí ìka ọ̀kan tóbi, kí ti èkejì rí wínníwínní, odù kan náà ni wọ́n tẹ̀. Ọ̀tún ni wọ́n sì ti ń kà á. Ẹ di ọ̀rọ̀ ọ̀tún yẹn mú, ẹ máa tó nílò rẹ̀.

Èdè Faransé àtijọ́ tí àwọn ará Normandy kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ *hand apaumy* àti *fish naiant*: orúkọ nǹkan ló ń ṣáájú, bó ṣe rí ló ń tẹ̀ lé e. Bí àwa náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹja ńlá, aṣọ funfun. Nítorí náà, ẹ má ka ìlà yẹn bí ẹní ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kà á bíi Yorùbá, ẹ ó rí i pé kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ, ìyẹn àwọ̀ asà fúnra rẹ̀, kí ohunkóhun tó wà lórí rẹ̀. *Vert* tó dá dúró níwájú yẹn, òun ni ilẹ̀: àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó ṣe pàtàkì jù, tó sábà máa ń wà láàárín: ọwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó yí i ká. Bí ohun kan bá wà lórí ohun mìíràn, kíkà rẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀. Etí asà àti ọ̀já orí rẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn. Ohun tó bá wà lẹ́yìn òde asà, bí ẹyẹ tó bà lé e lórí, àwọn ẹranko tó dì í mú lọ́tùn-ún lósì, àti ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà, ìgbà tí asà bá parí pátápátá ni wọ́n tó ń dárúkọ wọn.

Àwọ̀ kò pọ̀. *Or* ni wúrà, a sì lè kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè. *Argent* ni fàdákà, funfun náà ni. Irin ni wọ́n ń pe méjì yìí. Àwọn yòókù ni *Gules*, pupa, *Azure*, búlúù, *Sable*, dúdú, *Vert*, ewé, *Purpure*, elése àlùkò. Awọ ẹranko tún wà, bí *ermine*, tó jẹ́ funfun tí ìrù dúdú kéékèèké wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò nílò ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ omi tó dà yín láàmú, inú *of the second* ló wà. Wọn kì í fẹ́ dárúkọ àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà kan, torí náà wọ́n ń ka àwọ̀ bí wọ́n ṣe jáde: Vert ni èkíní, Argent ni èkejì, Or ni ẹ̀kẹta. Omi yín wá jẹ́ ti èkejì, fàdákà. Ọmọ yín wo àwọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ó rí Or, ó sì kùn ún ní wúrà. Èmi ò fẹ́ràn àṣà yìí, ọ̀pọ̀ lónìí ló sì ti ń dárúkọ àwọ̀ náà padà kó má baà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ lè ní kó kọ Argent síbẹ̀, kò yí nǹkan kan padà.

Ayàwòrán Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì, torí ibẹ̀ ni àwa tí à ń di búrọ́ọ̀ṣì mú ti máa ń jìn sí kòtò.

Ẹ má wo asà bí ẹní ń wo fọ́tò. Ẹnì kan ló gbé e, ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀tún ẹni tó gbé asà ni *dexter*, òsì rẹ̀ ni *sinister*. Àwa tí a dúró níwájú rẹ̀, ọ̀tún tirẹ̀ bọ́ sí òsì tiwa. Gbogbo ẹ̀dá tó wà lórí asà, kìnnìún ni o, ẹyẹ ni o, ẹja ni o, dexter ni wọ́n máa ń kọjú sí, àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá sọ pé ó yí padà, tí wọ́n ń pè ní *contourny*. Ìlà yín kò sọ bẹ́ẹ̀. Torí náà orí ẹja gbọ́dọ̀ wà lápá òsì ẹni tó ń wò ó. Ìbéèrè ẹja tó kẹ̀yìn ti tán nìyẹn.

Ti ọwọ́ yàtọ̀. *Dexter hand* kò sọ ibi tí ọwọ́ wà, irú ọwọ́ tó jẹ́ ló ń sọ: ọwọ́ ọ̀tún. *Apaumy* ni pé àtẹ́lẹwọ́ ṣí sí wa. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè, ẹ kọ àtẹ́lẹwọ́ sí ojú ara yín: apá ọ̀tún ni àtàǹpàkò wà. Bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe wà nínú àwòrán. Ẹ má lo dígí o, dígí á tún yí i mọ́ yín lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Ọwọ́ pupa Ulster ní Ireland, ọwọ́ ọ̀tún ni. Àmì tí wọ́n ń fún àwọn baronet ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àwọn tó joyè àjogúnbá kan, náà jẹ́ ọwọ́ pupa, ṣùgbọ́n òsì ni wọ́n kọ fún tiwọn. Àtàǹpàkò nìkan lẹ fi máa dá wọn mọ̀.

*Couped* ni pé a gé e rébété, ojú ibi tí a gé tẹ́jú. Bó bá jẹ́ *erased* ni wọ́n kọ, á jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n já a gbà, etí rẹ̀ á wá ya jákujàku. *Naiant* ni ẹja tó ń wẹ̀, tó nà gbalaja. Bó bá nàró, tó gbórí sókè, *hauriant* ni. Bó bá dorí kodò, *uriant*.

Ẹ jẹ́ kí n fi kìnnìún kún un, torí ó dá mi lójú pé ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yín máa tó ní kí ẹ fi kìnnìún sí i, wọn kì í ṣàìsọ bẹ́ẹ̀. *Rampant* ni èyí tó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, tó gbé ọwọ́ sókè bí ẹní fẹ́ jà. *Passant* ń rìn, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan. *Statant* dúró sójú kan, *sejant* jókòó, *couchant* dùbúlẹ̀ ṣùgbọ́n ó gbórí sókè. Bó ṣe ń wò ni wọ́n ń sọ tẹ̀ lé e: *guardant*, ó yíjú sí wa, *regardant*, ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù, kìnnìún mẹ́ta tó wà láyà jẹ́sì England jẹ́ passant guardant, wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń wò yín. Búlúù lórí funfun ni tàwọn agbábọ́ọ̀lù. Ti ọba ni wúrà lórí pupa: *Gules, three lions passant guardant in pale Or*. *In pale* ni pé wọ́n tò léra láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìyá Mónógírámù, Ọjà-Ọba

Ẹ kú ọgbọ́n o. Èmi ò mọ ìwé tó yìí, òwú ni mo mọ̀. Nínú páálí òwú mi, àwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ kò ṣe é kà. Èwo ni Vert nínú wọn? Mo bi yín torí pé ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n á mú aṣọ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wá, wọ́n á ní kò bá tuntun mu.

Òmíràn tún ni pé ọ̀pọ̀ ń gbé báàjì wá tí wọ́n fi dúdú kọ̀wé lórí búlúù tó ki. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò ní hàn, wọ́n á ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. Bó bá dé ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ó ti di àbàwọ́n.

Ọmọ Òṣogbo ní Leeds

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, mà. Ohun tí ẹ ń sọ fún àwọn oníbàárà yín, òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni. Wọn kì í gbé àwọ̀ lé àwọ̀, wọn kì í sì gbé irin lé irin. Ohun pupa, búlúù, dúdú, ewé tàbí elése àlùkò gbọ́dọ̀ wà lórí wúrà tàbí fàdákà, tàbí kó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Nítorí kí asà lè hàn kedere lókèèrè ni. Ẹ wo ìlà tí wọ́n fi ránṣẹ́: ilẹ̀ ewé, ọwọ́ fàdákà, ẹja wúrà, omi fàdákà. Ẹni tó kọ ọ́ mọṣẹ́. Àmì ìjọba Jerúsálẹ́mù àtijọ́ ló rú òfin náà gbangba, àgbélébùú wúrà lórí fàdákà, ọ̀pọ̀ sì gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni kó lè yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kì í ṣe Jerúsálẹ́mù, ẹ pa òfin mọ́.

Ní ti irú ewé, mà, kò sí èyí tí kò dára. Vert ni ewé tí ẹnikẹ́ni bá rí, tó máa pè ní ewé. Blazon kò mọ nọ́ńbà òwú. Ṣùgbọ́n nítorí ìjà tí ẹ sọ yẹn, kí ẹgbẹ́ mú nọ́ńbà kan nínú páálí yín, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé wọn. Àdéhùn láàárín ẹ̀yin àti àwọn nìyẹn jẹ́, kì í ṣe ara àmì náà.

Mo Kọ̀ Jálẹ̀

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹja Ọ̀ṣun lẹ fẹ́ yà, ó wá di dandan kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bá yín dárúkọ rẹ̀? Ṣé ẹnu ló dùn wá ni?

Bàbá Tíṣà

Ọmọ mi, mú pásípọ́ọ̀tù rẹ, wo iwájú rẹ̀. Asà dúdú, ohun funfun kan tó pẹ̀ka bí ọ̀pá kànnàkànnà dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí: *Sable, a pall wavy Argent*. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Sable ni ilẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ wa tó lọ́ràá. *Pall* ni ọ̀já tó ní apá mẹ́ta, méjì láti igun òkè, wọ́n pàdé láàárín, ọ̀kan sì sọ̀ kalẹ̀. *Wavy* ni pé etí rẹ̀ ń rú bí omi. Odò Ọya ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, Benue ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́ja, wọ́n jọ gba gúúsù lọ. Máàpù wà nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún. Bí etí ọ̀já yẹn bá tẹ́jú, tí wọn ò kọ *wavy*, odò ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti ka asà tán, ó kan ẹyẹ idì pupa tó wà lórí ọ̀já lílọ́ funfun àti ewé, lẹ́yìn náà ni ẹṣin funfun méjì tó dì í mú, lẹ́yìn náà ni òkìtì koríko tí òdòdó *Costus spectabilis* hù sí. 1960 ni wọ́n gba àmì náà. Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: àlàáfíà, ìṣọ̀kan àti òmìnira ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di 1978 kí wọ́n tó fi ìṣọ̀kan àti ìgbàgbọ́, àlàáfíà àti ìlọsíwájú rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà yí padà, asà kò yí padà. Ṣé o rí bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe dá dúró?

Ẹja àti ọwọ́ tí o ń jà fún yìí, bí àwọn ará iṣẹ́ yìí ṣe fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní irú àmì kan tó máa ń pe orúkọ ẹni tó ni ín. Castilla àti León ní Sípéènì, ilé olódi àti kìnnìún. Oxford, màlúù pupa tó ń la omi kọjá. Ìwọ ọmọ Òṣogbo, ṣé o nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ ohun tí ọwọ́ tó tẹ́, tí ẹja wà lókè rẹ̀, tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń pè? Àtáọ́ja ni, orúkọ oyè ọba wa: a-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Ìtàn Lárọ̀óyè, ọba àkọ́kọ́, létí odò ni, ẹni tó kọ ìlà yẹn sì ti gbọ́ ọ kó tó kọ ọ́.

Mo Kọ̀ Jálẹ̀

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbà tán. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni àmì, ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rọ̀ tiwa. Mo gbìyànjú rẹ̀:

*Ilẹ̀ ewé, ọwọ́ ọ̀tún tó la àtẹ́lẹwọ́, tí a gé rébété ní ọrùn ọwọ́, fàdákà, lórí rẹ̀ ẹja tó ń wẹ̀, wúrà, nísàlẹ̀ ọ̀já méjì tó ń rú bí omi, fàdákà.*

Ọmọ Òṣogbo ní Leeds

Èyí dùn mọ́ mi nínú o. Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn ará Kánádà dá ọ́fíìsì tiwọn tó ń fúnni ní irú àmì yìí sílẹ̀ ní 1988, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fi ń kọ àmì kọ̀ọ̀kan. Èdè méjì, asà kan. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ yín.

Ṣùgbọ́n *lórí rẹ̀* yẹn máa dá wàhálà sílẹ̀. Ayàwòrán tó bá kà á lè gbé ẹja lé àárín àtẹ́lẹwọ́. Nínú èdè yìí, ohun tó wà *on* ohun mìíràn, orí rẹ̀ gan-an ló wà, ó bo apá kan lára rẹ̀. *In chief* ni apá òkè asà. Ẹ kọ "lókè asà". Bákan náà, "nísàlẹ̀ asà".

Mo Kọ̀ Jálẹ̀

Mo ti tún un ṣe. Bàbá, ẹ bá mi kí ẹni tó wà ní Leeds.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òkè-Fìà

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ o, mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbìmọ̀ jókòó lánàá. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi kún un nìyí: ìwé tó ṣí sílẹ̀, ògùṣọ̀, orúkọ ilé ìwé, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, àti (Ayàwòrán, ẹ má rẹ́rìn-ín) kìnnìún. Igbákejì alága ní kí wọ́n tò wọ́n "in chief". Akápò ní "on a chief" ló yẹ. Wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ayàwòrán Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Mo ti rẹ́rìn-ín tán.

Akápò àti igbákejì alága, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. *In chief*: ohun náà wà lápá òkè, orí ilẹ̀ ewé náà ló ṣì wà. *On a chief*: a fi ọ̀já fífẹ̀ kan dí orí asà láti etí dé etí, ọ̀já náà ní àwọ̀ tirẹ̀, orí ọ̀já la wá gbé nǹkan lé. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé, èyí tí akápò sọ ló ṣeé ṣe, torí ẹja ti gba òkè ilẹ̀ ewé. Ẹ lè fi èyí parí ìlà náà: *on a chief Or an open book Gules*. Ìwé pupa lórí wúrà, òfin kò bàjẹ́. Ọ̀já orí ló máa ń gbẹ̀yìn, ẹ má kì í bọ àárín ìlà. Bí ẹ bá gbé e ṣáájú ọwọ́, Or á di àwọ̀ kejì, *of the second* á wá sọ omi yín di wúrà padà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Báàjì ayà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ọwọ́, ẹja, omi, ìwé, ògùṣọ̀, kìnnìún: ọjà ni ẹ fẹ́ ná síbẹ̀. Ìyá Mónógírámù á bá yín rán an, owó ni, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọwọ́, ẹja àti omi ti tó. Bí ẹ ò bá lè ṣe kí ẹ má fi ìwé sí i, ẹ gbé e sókè asà, níta.

Orúkọ ilé ìwé àti ọdún kò ní nǹkan ṣe lórí asà rárá. Tákàdá tí a yà sí ìsàlẹ̀ asà ni àyè wọn. Asà kì í ṣe pátákó ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ̀, torí mo rò pé òun ló ń mú wọn kó nǹkan jọ: ọ̀rọ̀ kò dí yín lọ́wọ́ bí ẹ ṣe rò. Kò sí ibi tí ìlà yín ti sọ irú ìpẹ́ tí ẹja ní, bí ojú rẹ̀ ṣe tó, iye ìgbà tí omi rú. Ẹ lè ní kí ẹnì kan ya ẹja yẹn bí àwọn ọ̀gá wa ti Mbárí Mbáyọ̀, ilé ọnà Òṣogbo níbí, ṣe ń ya nǹkan ní àwọn ọdún 1960, kí ọnà kún ara rẹ̀ bámúbámú, kí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ojú rẹ̀ ká. Bó bá ṣì jẹ́ ẹja, tó jẹ́ wúrà, tó ń wẹ̀ lọ sí dexter, àmì yín ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ náwó sí.

Agbẹjọ́rò Ògo-Olúwa

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì ìjọba ní Nàìjíríà tó ń fún àwọn ènìyàn ní asà bí College of Arms tí Ọba Richard Kẹta dá sílẹ̀ ní London ní 1484. Bí ẹ bá fẹ́ kí àmì yín ní ààbò, ọ̀nà àmì òwò ni kí ẹ tọ̀. Ẹ má sì mú ẹyẹ pupa àti ẹṣin méjì ti orílẹ̀-èdè wọ inú tiyín. Òfin wà lórí lílo ìyẹn láìgbàṣẹ.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn nípa bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe lágbára tó. Ní 1385, ìdílé Scrope bá Sir Robert Grosvenor pàdé lójú ogun ní Scotland, asà kan náà ni wọ́n gbé: *Azure, a bend Or*. Ilẹ̀ búlúù, ọ̀já wúrà tó dá gẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí ló jáde, Geoffrey Chaucer tó jẹ́ akéwì wà lára wọn ní 1386. Ilé ẹjọ́ dá Scrope láre, wọ́n ní kí Grosvenor fi etí fàdákà yí tirẹ̀ ká kó lè yàtọ̀. Ní 1390, Ọba Richard Kejì fúnra rẹ̀ ní etí fàdákà kò tó. Grosvenor ní láti wá nǹkan mìíràn: *Azure, a garb Or*, ìdì ọkà wúrà. Gbogbo ẹjọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni.

Ìyá Mónógírámù, Ọjà-Ọba

Ẹjọ́ ọdún márùn-ún lórí ọ̀já kan! Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ tètè mú òwú yín o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òkè-Fìà

Mà, a ti mú un. Ìgbìmọ̀ gbà láti fi ọwọ́, ẹja àti omi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìwé àti kìnnìún ti lọ. Orúkọ àti ọdún bọ́ sínú tákàdá nísàlẹ̀. A máa kọ Argent dípò *of the second*, a ó sì kọ ti Yorùbá tì í. Ó ku ìbéèrè kan: ìwé tí à ń tẹ̀ fún ìpàdé, dúdú àti funfun ni, a ò lówó àwọ̀. Báwo la ṣe máa fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ ewé, pé ẹja jẹ́ wúrà?

Ayàwòrán Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Wọ́n ti yanjú ìyẹn tipẹ́. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Silvester Petra Sancta tẹ ọ̀nà rẹ̀ jáde nínú ìwé ní Róòmù ní 1638, òun ni gbogbo ayé sì ń lò títí di òní. Ìlà ni wọ́n fi ń rọ́pò àwọ̀. Pupa, ìlà tó dúró ṣánṣán. Búlúù, ìlà tó dùbúlẹ̀. Dúdú, ìlà tó dúró àti èyí tó dùbúlẹ̀ jọ da ara wọn bí àwọ̀n. Elése àlùkò, ìlà gẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún wa lókè sọ̀ kalẹ̀ sí òsì wa.

Fún tiyín: ẹ fi ìlà gẹ̀rẹ̀ kún ilẹ̀, láti òsì ẹni tó ń wò ó lókè sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀, ewé nìyẹn. Ẹ fi àmì tó-tò-tó kún ara ẹja, wúrà nìyẹn. Ọwọ́ àti omi, ẹ má fi nǹkan kan sí wọn, fàdákà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ìlà náà jìnnà síra díẹ̀ o, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kéékèèké máa ń da wọ́n pọ̀ di dúdú, ẹni tó bá sì mọ èdè yìí á kà á sí Sable.